Nígbà tí sáfà dátábéèsì bá kọ̀ láti dìde: bí ẹ ṣe lè wá ìdí rẹ̀ rí

Ìbéèrè kan náà ló máa ń dé ọ̀dọ̀ mi lọ́pọ̀ ìgbà: ẹnì kan fi MySQL, sọ́fítíwíà tó ń tọ́jú dátábéèsì, sórí sáfà rẹ̀, kò dìde, ó yọ ọ́ kúrò, ó tún un fi sí i, kò dìde síbẹ̀, ó wá ń béèrè ohun tó kù tí òun lè ṣe. Ohun tí mo máa ń sọ ni pé kí onítọ̀hún dáwọ́ yíyọ dúró ná. Kọ̀ǹpútà ti kọ ìdí ìjákulẹ̀ náà sílẹ̀ níbì kan, iṣẹ́ wa sì ni láti rí ìlà náà kí a tó fọwọ́ kan ohunkóhun mìíràn. Yíyọ sọ́fítíwíà kì í sábà yanjú ọ̀rọ̀ yìí, nítorí pé fáìlì ìṣètò tó lábùkù àti fódà dátà àtijọ́ kì í bá a lọ. Wọ́n á dúró sẹ́yìn, wọ́n á sì tún kó bá èyí tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i.

Ubuntu àti Debian ni mo fi ṣe àpẹẹrẹ, MySQL àti MariaDB tó jẹ́ ìbátan rẹ̀ ni mo sì gbájú mọ́ jù. PostgreSQL àti SQL Server, tí àwọn náà jẹ́ sọ́fítíwíà dátábéèsì, ní abala tiwọn nísàlẹ̀.

## Ṣé ó kọ̀ lóòótọ́?

Oríṣi ìjákulẹ̀ mẹ́ta ló wà, àtúnṣe wọn kò sì jọra. Ó lè jẹ́ pé `apt`, ètò tó ń fi sọ́fítíwíà sórí kọ̀ǹpútà, kò parí iṣẹ́ rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé iṣẹ́ parí, ṣùgbọ́n sáfà kò dìde. Ó sì lè jẹ́ pé sáfà ti ń ṣiṣẹ́ ní tirẹ̀, tí kò kàn jẹ́ kí ẹ wọlé.

Ẹ̀kẹta yìí ló ń tan ènìyàn jẹ jù. Bí ẹ bá rí `Access denied for user 'root'@'localhost'`, inú yín ni kó dùn, nítorí pé sáfà tó ti kú kò lè dá ẹnikẹ́ni padà lẹ́nu ọ̀nà. Lórí Ubuntu, `root` inú MySQL kì í lo ọ̀rọ̀ aṣínà níbẹ̀rẹ̀. Orúkọ tí ẹ fi wọ kọ̀ǹpútà ló ń wò. Nítorí náà, ẹ tẹ `sudo mysql`, ẹ ó sì rí i pé ìlẹ̀kùn ṣí. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ `Can't connect to local MySQL server through socket` ni ẹ rí, ó ṣeé ṣe kí sáfà má dìde ní tòótọ́, kí ẹ máa bá kíkà lọ.

## Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun

- Ṣé dátà tí ẹnikẹ́ni nílò wà nínú `/var/lib/mysql`? Bí ẹ kò bá mọ̀, ẹ gbà pé ó wà.
- Ẹ dá sáfà dúró, kí ẹ sì ṣe ẹ̀dà fódà náà: `sudo cp -a /var/lib/mysql /root/mysql-ipamo`. Ẹ kọ́kọ́ fi `df -h` wò ó bóyá àyè wà fún un.
- Ẹ ṣe ẹ̀dà `/etc/mysql` pẹ̀lú.
- Ẹ kọ ẹ̀yà sọ́fítíwíà sílẹ̀: `apt policy mysql-server`.

Mo ní ìdí tí mo fi ń tẹnu mọ́ èyí. Nígbà kan tí mò ń tún sáfà oníbàárà kan ṣe, mo tẹ̀lé ìmọ̀ràn tí mo rí níbì kan, mo sì fi `rm -rf` pa fódà dátà rẹ́ kí n lè bẹ̀rẹ̀ lákọ̀tun. Ẹ̀dà ìpamọ́ tó wà nílẹ̀ ti pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà tí mo wá ka lọ́ọ̀gì (ìwé tí sáfà ń kọ ìṣẹ̀lẹ̀ sí) níkẹyìn, ohun tó ń ṣe sáfà náà kò ju pé dísíìkì kún lọ.

## Wíwá ìlà tó ṣe pàtàkì

1. Ẹ tẹ `systemctl status mysql` (fún MariaDB, `mariadb`). Ẹ wo ọ̀rọ̀ tó tẹ̀lé `Result:`. Bí ó bá jẹ́ `exit-code`, sáfà fúnra rẹ̀ ló pinnu láti kú, ó sì ti sọ ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `oom-kill` tàbí `signal`, ẹlòmíràn ló pa á.
2. Ẹ tẹ `sudo journalctl -u mysql --no-pager -n 50`.
3. Ẹ tẹ `sudo tail -n 80 /var/log/mysql/error.log`. MariaDB tó jẹ́ tuntun lórí Debian sábà máa ń kọ tirẹ̀ sínú journal (èyí tí `journalctl` ń kà) nìkan, nítorí náà ẹ má bẹ̀rù bí fáìlì yìí kò bá sí níbẹ̀.
4. Ẹ wá ibi tí ìgbìyànjú tó kẹ́yìn ti bẹ̀rẹ̀, kí ẹ sì ka `[ERROR]` àkọ́kọ́ lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹrin yìí ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń ṣì ṣe. Ẹ wo àpẹẹrẹ yìí:

```
[ERROR] [MY-010262] [Server] Can't start server: Bind on TCP/IP port: Address already in use
[ERROR] [MY-010257] [Server] Do you already have another mysqld server running on port: 3306 ?
[ERROR] [MY-010119] [Server] Aborting
```

Ẹni tó bá kánjú yóò mú ìlà ìkẹyìn, yóò sì máa wá ìtumọ̀ `Aborting` kiri, bẹ́ẹ̀ ìlà yẹn kò sọ ju pé sáfà ti kú, ohun tí a ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ló dárúkọ ẹlẹ́ṣẹ̀: ohun mìíràn ti gba pọ́ọ̀tì (nọ́ńbà ẹnu ọ̀nà) tí sáfà fẹ́ lò. Bákan náà ni `Sub-process /usr/bin/dpkg returned an error code (1)` tí `apt` máa ń kọ. Àbájáde ni, kì í ṣe ìdí.

Bí ẹ bá rí `Start request repeated too quickly`, ó ti sú systemd, ètò tó ń gbé sáfà dìde, láti máa gbìyànjú. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún ohun tó bàjẹ́ ṣe, ẹ tẹ `sudo systemctl reset-failed mysql` kí ẹ tó tún un gbé dìde.

## Dísíìkì tó kún

Àmì rẹ̀ ni `Errcode: 28` tàbí `No space left on device`. Ẹ tẹ `df -h`, kí ẹ wo ìlà tó gbé `/var` dúró. Bí àyè bá ṣì pọ̀ níbẹ̀, ẹ tẹ `df -i`, nítorí pé iye fáìlì tí dísíìkì lè gbà náà máa ń tán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àyè wà. Láti mọ ohun tó jẹ àyè náà, `sudo du -xh --max-depth=1 /var | sort -h` yóò to àwọn fódà láti kékeré dé ńlá.

Ohun tí ẹ lè kó kúrò láìséwu ni èyí tí `sudo apt clean` àti `sudo journalctl --vacuum-size=200M` máa ń kó. Ẹ má ṣe fi ọwọ́ ara yín pa fáìlì kankan rẹ́ nínú `/var/lib/mysql`, kódà bí orúkọ rẹ̀ bá jọ ti lọ́ọ̀gì. Àwọn fáìlì tí InnoDB (apá MySQL tó ń tọ́jú dátà) ń pè ní redo log kì í ṣe lọ́ọ̀gì tí ènìyàn ń kà. Ara dátà ni wọ́n.

## Pọ́ọ̀tì tí ẹlòmíràn ti gbà

MySQL àti MariaDB ń lo 3306, PostgreSQL ń lo 5432, SQL Server sì ń lo 1433. Ẹ tẹ `sudo ss -ltnp | grep 3306`, orúkọ ètò tó gba pọ́ọ̀tì náà yóò sì hàn ní òpin ìlà. Bí ó bá jẹ́ `docker-proxy`, sáfà mìíràn tí ẹ ti gbàgbé wà nínú Docker, tó ń fi ètò sínú àpótí tirẹ̀. Bí ó bá jẹ́ `mariadbd`, ẹ ti ní MariaDB tẹ́lẹ̀, ẹ sì gbọ́dọ̀ pinnu èyí tí ẹ fẹ́ nínú àwọn méjèèjì. Ẹ lè dá èyí tó wà níbẹ̀ dúró, ẹ sì lè kọ `port = 3307` sábẹ́ `[mysqld]` nínú fáìlì ìṣètò èyí tuntun, bí ẹ bá nílò méjèèjì; nígbà yẹn, fódà dátà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì wọn (fáìlì tí a fi ń bá sáfà sọ̀rọ̀) náà gbọ́dọ̀ yàtọ̀.

Ìbátan rẹ̀ ni `Unable to lock ./ibdata1 error: 11`. Èyí túmọ̀ sí pé `mysqld` kan ṣì ń ṣiṣẹ́ lórí fódà dátà kan náà. Ẹ fi `pgrep -a mysqld` wá a, kí ẹ fi `sudo kill` àti nọ́ńbà rẹ̀ sọ fún un pé kó lọ, kí ẹ sì ní sùúrù, nítorí ó lè gba ìṣẹ́jú díẹ̀ kó tó palẹ̀ mọ́. Ẹ má ṣe sáré mú `kill -9`, ẹ má sì ṣe pa `ibdata1` rẹ́ láé.

## Fáìlì ìṣètò tí kò bá ẹ̀yà tuntun mu

Àwọn tó gbé fáìlì ìṣètò MySQL 5.7 wá sínú 8.0 ni èyí máa ń bá. MySQL 8.0 ti yọ àwọn ètò kan kúrò pátápátá, kì í sì í gbójú fo èyí tí kò mọ̀. Ńṣe ló máa ń kú:

```
[ERROR] [MY-000067] [Server] unknown variable 'query_cache_size=16M'.
```

Ẹ fi `#` síwájú ìlà náà nínú `/etc/mysql`. Bí ẹ kò bá mọ fáìlì tó wà, `grep -rn query_cache /etc/mysql` yóò fi hàn yín. `NO_AUTO_CREATE_USER` tó máa ń wà nínú `sql_mode` náà ti kúrò nínú 8.0. Láti dán fáìlì wò láìgbé sáfà dìde, MySQL láti 8.0.16 ní `sudo mysqld --validate-config --user=mysql`; bí kò bá sọ ohunkóhun, fáìlì náà mọ́.

## Ẹ̀tọ́ lórí fódà, àti AppArmor tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà

`Errcode: 13` ni àmì rẹ̀. Ẹ tẹ `ls -ld /var/lib/mysql`. Bí orúkọ oní-nǹkan kò bá jẹ́ `mysql mysql`, ẹ tẹ `sudo chown -R mysql:mysql /var/lib/mysql`.

Ìkìlọ̀: ẹ má ṣe lo `chmod 777`. Yàtọ̀ sí pé ó ṣí ilé sílẹ̀ fún gbogbo ayé, MySQL kì í ka fáìlì ìṣètò tí ẹnikẹ́ni lè kọ nǹkan sí. Ó máa ń kọ ìkìlọ̀ kan péré, `World-writable config file... is ignored`, á sì máa lọ bí ẹni pé ẹ kò kọ nǹkan kan síbẹ̀. Ẹ ó wá máa tún ohun tí kò sẹ́ni tó ń kà ṣe láti àárọ̀ dalẹ́.

Bí `chown` bá ti tọ̀nà tí nọ́ńbà 13 kò sì lọ, ó ṣeé ṣe kí ẹ ti gbé fódà dátà lọ sórí dísíìkì mìíràn. Ubuntu ní AppArmor, tí kì í jẹ́ kí `mysqld` wọ ibi tí kò sí nínú ìwé rẹ̀.

1. Ẹ tẹ `sudo journalctl -k | grep -i denied`. Bí orúkọ `mysqld` bá wà níbẹ̀, AppArmor ni.
2. Ká ní `/data/mysql` ni ibi tuntun náà, ẹ kọ ìlà méjì yìí sínú `/etc/apparmor.d/local/usr.sbin.mysqld`:

```
/data/mysql/ r,
/data/mysql/** rwk,
```

3. Ẹ tẹ `sudo systemctl reload apparmor`, kí ẹ sì gbé sáfà dìde.

Lórí Red Hat àti àwọn ẹbí rẹ̀, SELinux ló ń ṣe iṣẹ́ yìí. Àṣẹ tirẹ̀ ni `semanage fcontext -a -t mysqld_db_t "/data/mysql(/.*)?"`, lẹ́yìn náà `restorecon -Rv /data/mysql`. Ẹ má ṣe pa SELinux pátá nítorí fódà kan.

Ẹni tó gbé dátà MariaDB sínú `/home` ní ìṣòro tirẹ̀ lọ́tọ̀. Fáìlì systemd MariaDB ní `ProtectHome=true`, nítorí náà sáfà kì í rí inú `/home` rárá, bó ti wù kí ẹ yí ẹ̀tọ́ fódà náà padà tó. Ẹ gbé e lọ sí ibòmíràn. Ó rọrùn ju kí ẹ máa bá systemd jà lọ.

## Nígbà tí lọ́ọ̀gì bá dákẹ́ lójijì

Nígbà mìíràn, ẹ ó ka lọ́ọ̀gì títí, ẹ kò ní rí `[ERROR]` kankan. Ọ̀rọ̀ kàn dá ní àárín ọ̀nà. Ìdákẹ́jẹ́ yìí gan-an ni àmì. RAM ló tán, kernel (ọkàn Linux) sì pa sáfà kó tó ráyè sọ̀rọ̀. Ẹ fi `sudo journalctl -k | grep -i -E 'oom|killed process'` rí ẹ̀rí rẹ̀. Ó wọ́pọ̀ lórí sáfà kékeré tí RAM rẹ̀ kò ju 512 MB tàbí 1 GB lọ. Ẹ fi swap kún un, ìyẹn àyè dísíìkì tó ń ran RAM lọ́wọ́:

1. `sudo fallocate -l 2G /swapfile`
2. `sudo chmod 600 /swapfile`
3. `sudo mkswap /swapfile`
4. `sudo swapon /swapfile`
5. Ẹ fi ìlà `/swapfile none swap sw 0 0` kún `/etc/fstab`, kí ó lè máa wà lẹ́yìn tí ẹ bá tún kọ̀ǹpútà tàn.

Kíkọ `performance_schema = OFF` sábẹ́ `[mysqld]` náà máa ń dín RAM tí MySQL ń jẹ kù. Ìrọ́jú lásán ni swap o. Bí sáfà náà bá máa sin ọ̀pọ̀ ènìyàn, RAM gidi ni kí ẹ fi kún un.

## Dátà àtijọ́ tí sáfà tuntun kò lè ṣí

MySQL kì í padà sẹ́yìn: fódà tí 8.0 ti ṣí rí, 5.7 kò lè ṣí i mọ́. MariaDB náà kò lè ṣí fódà MySQL 8.0, bẹ́ẹ̀ ni MySQL 8.0 kò lè ṣí ti MariaDB 10, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn méjèèjì jọ ń pe fódà wọn ní `/var/lib/mysql`. Bí `/etc/mysql/FROZEN` bá wà lórí Ubuntu, páákéèjì ti rí irú ewu yìí, ó sì ti mọ̀ọ́mọ̀ dá sáfà dúró. Ẹ ka fáìlì náà kí ẹ tó pa á rẹ́.

Bí ẹ bá nílò dátà náà, ẹ padà sí ẹ̀yà tó kọ ọ́, kí ẹ fi `mysqldump` kó o jáde, kí ẹ tó wá gbé e wọ inú tuntun. Kò sí ọ̀nà àbùjá tó ṣeé fọkàn tán. Bí ẹ kò bá nílò rẹ̀, ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ má ṣe pa á rẹ́:

```
sudo systemctl stop mysql
sudo mv /var/lib/mysql /var/lib/mysql.atijo
sudo install -d -o mysql -g mysql -m 750 /var/lib/mysql
sudo mysqld --initialize-insecure --user=mysql
sudo systemctl start mysql
```

Bí àṣẹ kẹrin bá ní `the data directory has files in it`, fódà náà kò ṣófo. Ẹ wò ó bóyá ẹ fo àṣẹ kejì. `--initialize-insecure` máa ń fi `root` sílẹ̀ láìní ọ̀rọ̀ aṣínà, nítorí náà ẹ fi `ALTER USER` fún un ní ọ̀kan lójú ẹsẹ̀.

## Nígbà tí `apt` fúnra rẹ̀ bá há

`Could not get lock /var/lib/dpkg/lock-frontend` sábà máa ń túmọ̀ sí pé kọ̀ǹpútà ń ṣe ìmúdójúìwọ̀n tirẹ̀ lábẹ́lẹ̀. Ẹ dúró dè é. Pípa fáìlì lock náà rẹ́ lè jẹ́ kí ètò méjì máa kọ nǹkan sínú ìwé dpkg (ètò tí `apt` ń lò) lẹ́ẹ̀kan náà.

Ṣé ẹ ti fọwọ́ ara yín pa `/etc/mysql` rẹ́? Ẹ ó rí `update-alternatives: error: alternative path /etc/mysql/mysql.cnf doesn't exist`. Dpkg kì í dá fáìlì ìṣètò tí ẹ mọ̀ọ́mọ̀ pa rẹ́ padà, ó gbà pé bẹ́ẹ̀ ni ẹ ṣe fẹ́ ẹ. Ohun tí ìfisórí lẹ́ẹ̀mẹwàá kò lè tún ṣe nìyí, àṣẹ kan péré sì ló ń tún un ṣe:

```
sudo apt install --reinstall -o Dpkg::Options::="--force-confmiss" mysql-common mysql-server-8.0
```

Lẹ́yìn tí ẹ bá ti yanjú ìdí tòótọ́ náà, ẹ tẹ `sudo dpkg --configure -a`, kí ẹ sì tẹ `sudo apt -f install`, kí iṣẹ́ tó dá dúró lè parí.

## PostgreSQL ní ṣókí

Ẹ má jẹ́ kí `active (exited)` tí `systemctl status postgresql` ń kọ já yín láyà. Bó ṣe yẹ kó rí lórí Debian àti Ubuntu nìyẹn. Ẹ lo `pg_lsclusters`: `online` ni ẹ fẹ́ rí. Bí ó bá jẹ́ `down`, lọ́ọ̀gì wà nínú `/var/log/postgresql/`.

- Bí àkójọ náà bá ṣófo, ó ṣeé ṣe kí locale (ètò èdè) kọ̀ǹpútà ti lábùkù nígbà ìfisórí. Ẹ tẹ `sudo locale-gen en_US.UTF-8` (lórí Debian, `sudo dpkg-reconfigure locales`), lẹ́yìn náà `sudo pg_createcluster 16 main --start`. Ẹ fi nọ́ńbà ẹ̀yà yín rọ́pò 16.
- Bí ẹ̀yà méjì bá wà, èyí tuntun máa ń gba pọ́ọ̀tì 5433. Kò bàjẹ́, ibòmíràn ni ẹ ti ń kàn án.
- Bí ó bá ń ṣàròyé lórí ẹ̀tọ́ fódà dátà, 0700 tàbí 0750 nìkan ló ń gbà.

## SQL Server lórí Windows

Fáìlì `Summary.txt` ni kí ẹ kọ́kọ́ kà. Ó wà nínú `C:\Program Files\Microsoft SQL Server\160\Setup Bootstrap\Log` fún ẹ̀yà 2022. Fún 2019, 150 ló wà níbi tí 160 wà.

Bí ó bá ní `Wait on the Database Engine recovery handle failed` lórí Windows 11, ẹ ṣí Command Prompt gẹ́gẹ́ bí alábòójútó, kí ẹ tẹ `fsutil fsinfo sectorinfo C:`. Bí èyíkéyìí nínú nọ́ńbà `PhysicalBytesPerSector` bá ju 4096 lọ, dísíìkì náà ni kò bá SQL Server mu. Ẹ fi dátà sórí dísíìkì mìíràn tó jẹ́ 4096 tàbí 512 bí ẹ bá ní i, nítorí pé ọ̀nà kejì, tí í ṣe kíkọ `ForcedPhysicalSectorSizeInBytes` sínú registry (ìwé ìṣètò Windows), ń fẹ́ ọwọ́ tó dá ṣáká.

Lórí Linux, SQL Server kì í dìde rárá bí RAM kò bá tó 2 GB.

## Bí ẹ ó ṣe mọ̀ pé ó ti dúró dáadáa

1. `systemctl is-active mysql` gbọ́dọ̀ dáhùn `active`.
2. `sudo mysql -e "SELECT VERSION();"` gbọ́dọ̀ fi nọ́ńbà ẹ̀yà tí ẹ ń retí hàn.
3. Ẹ ṣẹ̀dá dátábéèsì kékeré kan, kí ẹ kọ ìlà kan sínú rẹ̀, kí ẹ kà á jáde.
4. `systemctl is-enabled mysql` gbọ́dọ̀ dáhùn `enabled`.
5. Ẹ pa kọ̀ǹpútà, kí ẹ tún un tàn, kí ẹ sì wò ó bóyá ìlà tí ẹ kọ ní ìgbésẹ̀ kẹta ṣì wà níbẹ̀. Bí ó bá wà, ẹ lè wá pa `/root/mysql-ipamo` rẹ́, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kó tó bí ọjọ́ mélòó kan ná.